Alẹ́ ni, kì í ṣe òru: èrò mi lórí orúkọ ètò Johnny Carson àti irú rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ohun tí a ó máa pe irú ètò tẹlifíṣọ̀n tí Johnny Carson, David Letterman àti Conan O'Brien ṣe ní Amẹ́ríkà: aláwàdà kan á kọ́kọ́ jáde wá fi ìròyìn ọjọ́ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, á wá jókòó sídìí tábìlì, á máa gba àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ olórin á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ dá sí i mú "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òru" wá. Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní "ètò orí tábìlì". Wọ́n tún dábàá "ìjúbà" fún ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àti "igbákejì" fún ẹni tó máa ń jókòó ti atọ́kùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ló jẹ́ kí n kọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí "òru". NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé The Tonight Show jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1954, Steve Allen sì ni atọ́kùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Jack Paar gbà á ní 1957. Carson wá jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1962 títí di ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1992. Láyé rẹ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní New York, lẹ́yìn ìròyìn. Ní Chicago, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni. Ta ni nínú wa tó máa pe aago mẹ́wàá ààbọ̀ ní òru? Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí wọ́n ṣe ètò náà la fẹ́ wò, ó tún jìnnà sí òru ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Carson ti kó o lọ sí Burbank ní California ní 1972, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀.

Yorùbá ti pààlà síbẹ̀ tipẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́ là ń wí. Láti aago méjìlá ló ti di òru. Ààlà yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ ní NBC ní 2010. Conan gba Tonight lọ́wọ́ Jay Leno, tó jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn Carson, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2009. Kí Leno má baà bá iléeṣẹ́ mìíràn lọ, wọ́n fún un ní ètò tirẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án. Ètò yẹn kò fa èrò tó, ìròyìn aago mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù òǹwòran, ni àwọn iléeṣẹ́ abẹ́ NBC káàkiri ìlú bá fárígá. NBC wá ní kí Leno padà sí 11:35 fún ìdajì wákàtí, kí Tonight sún sí 12:05. Conan kọ̀ jálẹ̀. Ó kọ ọ́ síta pé bí ètò náà bá ti wọ ọjọ́ kejì, kì í ṣe The Tonight Show mọ́. Ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ló ṣe é kẹ́yìn, Leno sì padà sórí àga ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Bí a bá pe gbogbo ètò wọ̀nyí ní ètò òru, báwo la ó ṣe ròyìn ìjà yìí fún ẹnikẹ́ni? Ohun tí wọ́n jà sí kò ju pé wọ́n fẹ́ gbé ètò alẹ́ wọ inú òru.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lo méjèèjì, kí kálukú wà níbi tirẹ̀. Tonight, ètò alẹ́ ni. Late Night tí Letterman bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1982 ní aago méjìlá ààbọ̀, ètò òru ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Tom Snyder, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ní aago kan òru, tí wọ́n sì sọ ní Tomorrow. Kí orúkọ yẹn má tàn wá o: lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀la kò tíì dé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńkọ́? Oníròyìn ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó ń wádìí ohun tí kò mọ̀. Nínú ètò wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ kan ti máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣáájú. Á ní kí ó sọ ìtàn mélòó kan, á mú èyí tó dùn jù, á kọ ìbéèrè tó máa fa ìtàn náà jáde sórí káàdì, á sì fi lé atọ́kùn lọ́wọ́. Atọ́kùn ti mọ ibi tí ìdáhùn ń lọ kó tó la ẹnu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kàn ń fa ọ̀rọ̀ ni. Bó bá ń ka káàdì bí ẹni ka àkọsílẹ̀, ó ti bà jẹ́. Bí àlejò bá gbàgbé ìtàn tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, atọ́kùn gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe rán an létí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. "Ìtàkùrọ̀sọ" ló bá èyí mu jù. Dick Cavett lórí ABC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, nìkan ni mo lè yọ sílẹ̀, nítorí ó máa ń fi odindi ètò fún àlejò kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni tirẹ̀. Fún àwọn yòókù, "ìtàkùrọ̀sọ alẹ́" ni mo mú wá, tàbí "ìtàkùrọ̀sọ òru" bó bá ti kọjá aago méjìlá.

Ọ̀rọ̀ "ìjúbà" ló dùn mí jù, nítorí ọwọ́ wa ni àpẹẹrẹ tó já a wà. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru. Á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá àti àwọn àgbà, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bú oníwà ìbàjẹ́ láàárín ìlú. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà ti ya ìjúbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀fẹ̀. Carson kò júbà ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé orí ìtàgé jáde. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀fẹ̀ pọ́ńbélé nìyẹn.

Ẹnìkan ní kí a wá pè é ní "ẹ̀fẹ̀ orí ìdúró", torí pé wọ́n máa ń dúró sọ ọ́. Seth Meyers, atọ́kùn mìíràn, ti ba ìyẹn jẹ́: láti oṣù Kẹjọ 2015 ló ti ń jókòó sídìí tábìlì sọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní "àwàdà àìròtẹ́lẹ̀". Ó tì o. Kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn òǹkọ̀wé á ka ìròyìn láàárọ̀, wọn á kọ àwàdà púpọ̀ ju èyí tí wọ́n nílò lọ, atọ́kùn á ṣà nínú rẹ̀, wọn á fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí páálí tí ẹnìkan á gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ìdí nìyí tí ètò wọ̀nyí fi máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ bí àwọn òǹkọ̀wé bá daṣẹ́ sílẹ̀, bó ti rí ní oṣù Kọkànlá 2007 àti ní oṣù Karùn-ún 2023: ìròyìn àná ti kú, kò sí ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n lè tọ́jú pamọ́. Ohun tí kò sí lórí páálí ni ohun tí atọ́kùn á ṣe bí àwàdà bá já sásán. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí Carson, ẹgbẹ́ olórin á ta orin jẹ́jẹ́ kan, òun náà á sì rọra jó lójú kan, nígbà náà ni ilé á tó rẹ́rìn-ín. Bó bá sì fẹ́ parí, á ju ọwọ́ bí ẹni fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. "Ẹ̀fẹ̀ àkọ́sọ" ni mo fara mọ́. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ nínú ìwé.

Ti "ètò orí tábìlì" kò gba àríyànjiyàn. Arsenio Hall ṣe tirẹ̀ láti oṣù Kìíní 1989 títí di oṣù Karùn-ún 1994 láìlo tábìlì rárá, ibẹ̀ sì ni Bill Clinton ti fọn saksafóònù ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1992.

Ó wá ku ẹni tó jókòó ti atọ́kùn. Ed McMahon ṣe iṣẹ́ náà fún Carson fún gbogbo ọgbọ̀n ọdún: òun ló ń pè é jáde, òun ló ń rẹ́rìn-ín gbè é, òun ló ń ṣe ìpolówó ọjà. Ẹni tó ń gbè, elégbè là ń pè é. Igbákejì a máa bọ́ sórí àga bí ọ̀gá kò bá sí, McMahon kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Aláwàdà mìíràn ni wọ́n ń pè wá. Ẹ̀gbọ́n fi Hugh Downs, elégbè Jack Paar, ta kò mí, ó sì yẹ kí n dáhùn. Ní 1960, Jack Paar sọ ìtàn obìnrin kan tó kọ̀wé béèrè bóyá W.C. wà nítòsí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wí, ẹni tó gba ìwé náà rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. NBC gé ìtàn náà kúrò láìsọ fún Paar. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ó bínú jáde níbi ètò, Downs ló sì parí rẹ̀ lálẹ́ yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Paar fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹta 1962, tí àdéhùn Carson pẹ̀lú ABC kò sì tíì pé, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi ènìyàn, Groucho Marx àti Jerry Lewis wà lára wọn. Wọn kò gbé àga náà fún Downs.

Àwọn tí wọ́n ń pè yẹn ni mo fẹ́ kí a máa pè ní "adelé". Joan Rivers, aláwàdà obìnrin kan, ló fi hàn jù lọ. Ní 1983 ni wọ́n sọ ọ́ di adelé Carson títí lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1986, ó bẹ̀rẹ̀ ètò alẹ́ tirẹ̀ lórí Fox, Carson kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 2005. Ohun tí kò tíì yé mi ni bóyá "adelé" gba ẹni tó jókòó fún alẹ́ kan péré. Mo rò pé ó gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un, kó jọ̀wọ́ mú un wá.