Ṣé kí n fi Linux Mint sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mi yìí?

Ìyá_Taipísì_Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. HP kan ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́, òun ni mo fi ń tẹ project àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ìwé ètò ìsìnkú, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Láti October 14, 2025 tí Microsoft ti yọwọ́ nínú Windows 10 lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́, mo ní kí n lọ sí 11, ó ní kọ̀ǹpútà mi ò tó bẹ́ẹ̀, pé processor ẹ̀ ti dàgbà jù, kò sì ní TPM 2.0, èmi tí mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tàn án láàárọ̀ màá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, màá jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tán, kò ì ṣí. Bọ̀dá tó ń bá mi tún un ṣe ní Sápọ́n ní kí n lọ ra òmíràn. Owó dà? Àbúrò mi ló wá ní kí n fi Linux Mint sí i dípò Windows, pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé fáìlì mi ò ní lọ? Prínta ńkọ́? CorelDRAW tí mo fi ń ya àwòrán ńkọ́?

Ọmọ_Àdàtán
Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn. Ọmọ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, ó wá tú u síta kí gbogbo ayé jọ máa tún un ṣe. Tí fóònù yín bá jẹ́ Android, orí Linux náà ló jókòó sí, ẹ ti ń lò ó tipẹ́.

Ẹ ṣáà má tíì fọwọ́ kan hard disk yẹn rárá. Ẹ wá fíláàṣì 8GB, ẹ lọ sórí sáìtì Mint fúnra wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce ni kẹ́ ẹ mú torí òun ló fúyẹ́ jù fún 4GB, ó tó nǹkan bíi 3GB, ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú kẹ́ ẹ fi dáta òru wà á. Ẹ fi ètò kékeré kan lórí Windows tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sí fíláàṣì yẹn, ó máa nu gbogbo nǹkan tó wà lórí fíláàṣì náà o, ẹ má lọ lo ti oníbàárà. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án padà kẹ́ ẹ máa tẹ Esc léraléra bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn onígbèsè, lẹ́yìn náà F9, kẹ́ ẹ wá mú fíláàṣì. Orí fíláàṣì yẹn ni Mint máa ti ṣí, fáìlì yín ò mọ nǹkan kan sí i. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wo wáífáì, kẹ́ ẹ so prínta mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tẹ ewé kan jáde. Ó máa lọ́ra díẹ̀ níbẹ̀, fíláàṣì ló fà á.

Baba_Ìbejì
Èmi ni kẹ́ ẹ fi ṣàríkọ́gbọ́n. Nígbà tí mò ń fi Mint sí tèmi, ó bi mí bóyá kóun "Erase disk", ìyẹn kóun nu disk, mo rò pé fíláàṣì ló ń sọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò ìkómọ àwọn ìbejì, gbogbo ẹ̀ pátá ló lọ 😭 ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kó nǹkan yín síbòmíràn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ jàre. Tí bátìrì yín bá ti kú bíi tèmi, ẹ má ṣe é lórí iná NEPA nìkan o.

Ẹ̀gbá_Tẹkí
Ẹ jẹ́ n bá yín sòótọ́, CorelDRAW ò sí fún Linux. Inkscape wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà, àmọ́ ẹ máa kọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Word náà, LibreOffice máa ṣí i, ṣùgbọ́n tí fọ́ǹtì ò bá bára mu, ojú ìwé á sún, chapter tó wà ní 24 á bọ́ sí 25, ọmọ oníproject á sì wá bá yín jà, nítorí náà ẹ máa fi PDF ránṣẹ́. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ mú "Install alongside", kí Windows wà níbẹ̀ fún Corel, ẹ kọ́kọ́ lọ pa Fast Startup nínú Windows, òun ni kì í jẹ́ kí Windows kú tán. Ẹ má sì fi Windows yẹn wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, torí Microsoft ti yọwọ́ nínú ẹ̀.

Hard disk tó ń yí yẹn gan-an sì ni ọ̀tá yín. Lọ́jọ́ tówó bá dé, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí SSD, èyí tí kì í yí, tó sì yá ju ìyẹn lọ.

Ìyá_Taipísì_Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ ṣé o, mo ti ṣe é! Láàárọ̀ Sátidé ni, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn. Wáífáì kọ̀, kò yọjú rárá, ọkàn mi já, àbúrò mi ní kí n fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn kó máa fa dáta fóònù, mo wá lọ sí Driver Manager nínú Mint, ó rí dráífà wáífáì Broadcom kan níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tàn, wáífáì dé. Prínta ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ Nigeria níbẹ̀! Oríkì màmá àgbà kan ni mo kọ́kọ́ fi tẹ̀, gbogbo àmì ẹ̀ pé.

Mo sọ fún bọ̀dá Sápọ́n. Ó ní kí n gbé e wá kóun náà wò ó.