Ìbọn ogun àtijọ́ tí mo rà: omi ló ń kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, epo ló ń tẹ̀ lé e

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìbọn yìí, kó kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, ká tó wá sọ̀rọ̀ irin. Mosin-Nagant 91/30 ni tèmi, ìbọn àwọn ọmọ ogun Soviet. Ìlú Izhevsk ní Russia ni wọ́n ti ṣe é ní 1942. Àwọn ti ìgbà ogun yẹn kì í jọ̀lọ̀: ojú ibi tí ẹ̀rọ ti gé irin ṣì hàn lára rẹ̀ gbàgàdà, torí ọ̀tá ti wọlé, kò sáyè dídán. Mi ò ka ìyẹn sí.

Igi tó ń kọ mànà náà kò tàn mí. Lẹ́yìn ogun, Soviet kó ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n kun igi wọn, wọ́n sì kó wọn pamọ́. Wọ́n lè mú bolt ìbọn kan, ìyẹn irin tí à ń fà sẹ́yìn ká tó tì í padà láti ki ọta bọ̀ ọ́, fi sára òmíràn, kí wọ́n wá tẹ nọ́ńbà tó bára mu lé e lórí. Nítorí náà inú ọ̀pá ni mo wò. Mo fa bolt yọ, mo tan iná sí i láti ẹ̀yìn. Àwọn ìlà tó yí po nínú rẹ̀ ṣì mú, àfi dúdú díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ wọn. Mo wá ki orí ọta àfiṣàpẹẹrẹ, tí kò ní ẹ̀tù nínú, bọ ẹnu ìbọn. Bí ó bá wọlé títí tí ìkarahun rẹ̀ fi kan irin, ẹnu náà ti fẹ̀ jù. Ọ̀pá irin tí àwọn ṣójà ń tì bọ̀ ọ́ láti iwájú láti fi nù ún ló sábà ń fà á, ju ọta tí wọ́n yìn lọ. Bí ẹ bá sì rí èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọnú díẹ̀, ẹ má sá: wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò ni.

Cosmoline, gíríìsì tí wọ́n fi pa á mọ́, wà níbi gbogbo. Omi gbígbóná àti kẹrosíìnì ló ká a. Ẹ tú bolt palẹ̀, torí èyí tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù, irin tó ń lu ìdí ọta kò sì ní lè sáré mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ fọ ibi tí ọta ń jókòó sí dáadáa. Àwọn tó ń fi igi lu bolt kó tó ṣí, níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Nínú ọta àtijọ́, nǹkan tó ń ṣáná sí ẹ̀tù ní kẹ́míkà potassium chlorate nínú. Bí ó bá ti jó, iyọ̀ ló ń dà, iyọ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìpáàrà á sì bẹ̀rẹ̀. Epo kì í tú iyọ̀. Bí ẹ bá da epo lé e, ẹ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi gbígbóná ni mo ń dà gba inú ọ̀pá kọjá lọ́jọ́ tí mo bá yìn ín gan-an, mo sì ń nu ojú bolt pẹ̀lú omi yẹn. Ooru irin fúnra rẹ̀ á gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni epo á wá wọlé. Àwọn kan ń búra pé ammonia inú omi ìfọgíláàsì ló ń pa iyọ̀ náà. Irọ́ ni, omi inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹni kejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Lee-Enfield No. 4, ìbọn ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni tèmi, ọ̀rọ̀ omi yẹn kò sì yàtọ̀. Àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá máa ń fi àrọ da omi híhó sínú ọ̀pá ni. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni orí bolt rẹ̀, tó ṣeé tú. Nọ́ńbà 0 sí 3 ló wà fún un, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ló máa ń gùn, kí wọ́n lè dín àlàfo tó wà lẹ́yìn ọta kù bí irin bá ti gbó. Kí n tó yìn ín rárá, alágbẹ̀dẹ ìbọn ló fi irin ìwọ̀n rẹ̀ wò ó, ó sì pààrọ̀ orí náà fún mi. Ẹ má fojú díwọ̀n èyí o.

Ẹni kẹta:
Springfield 1903, ìbọn ogun Amẹ́ríkà, wà lọ́wọ́ mi tí mi ò yìn rí, mi ò sì ní yìn ín. Nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000. Láyé ìgbà yẹn, ojú lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wo àwọ̀ irin nínú iná, wọ́n sun àwọn mìíràn jù, irin wọn di ẹlẹgẹ́. Àwọn kan fọ́ lójú ẹni tó yìn wọ́n. Kò sí fífọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Ara ògiri ló wà. Ẹ̀gbọ́n, Mosin yín ńkọ́, ṣé ó ń ba ibi tí ẹ fojú sùn?

Ẹni àkọ́kọ́:
Kò bà á níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn lórí ni wọ́n ṣe ètò ojú rẹ̀ nílé iṣẹ́, ta ló wá fẹ́ máa gbé ọ̀bẹ yẹn kiri? Irin ìfojúsùn iwájú ni kí ẹ tì díẹ̀díẹ̀ sí apá tí ọta ń yà sí. Ẹ sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó tì í.