MGB GT ọdún 1972: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe kí n tó gbé e rin ọ̀nà jíjìn?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo ra ọkọ̀ MGB GT funfun kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti ń yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìjókòó rẹ̀ ti fàya, bẹ́ẹ̀ ni kò ní overdrive, ìyẹn jíà àfikún tó ń dín yíyí ẹ́ńjìnnì kù lórí eré, nítorí náà ariwo rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ kì í jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí a gbé e yí àríwá Scotland ká ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, èyí tó gùn tó máìlì 516 láti Inverness padà sí Inverness, kí a sì tún gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láti Portsmouth lọ sí Santander ní Sípéènì tó bá yá.

Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà kúrò, kí n fi ti ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìmọ̀ràn gidi ni? Èwo sì ni kí n kọ́kọ́ náwó lé, níwọ̀n ìgbà tí owó ọwọ́ mi kò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀kan yòókù tún wà tó jẹ mí lógún púpọ̀: mo fẹ́ kí ẹni tó bá yọjú wo inú ọkọ̀ náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ín, mo sì ń gbèrò láti fi aṣọ òkè bo ìjókòó rẹ̀. Ṣé aṣọ òkè á lè fara da irú ìrìn àjò báyìí?

Bàbá Mẹkáníìkì, Birmingham

Àbúrò mi, o kú oríire ọkọ̀. Kí o tó ronú kan ẹ́ńjìnnì rárá, ara ọkọ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. MGB kò ní férémù irin tó dá dúró lábẹ́ rẹ̀ bíi ti Land Rover àtijọ́. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní sill, ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ní ìpele ju ẹyọ kan lọ: èyí tí ojú ń rí níta, èyí tó fara pamọ́ sí àárín, àti èyí tó wà nínú. Omi a máa wọ ibẹ̀, ìpẹtà a sì ti jẹ ti àárín tán kí ti ìta tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà tuntun tó ń dán fi lè bo ohun tó ti jẹrà mọ́lẹ̀.

Mú òòfà kékeré kan, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí o sì rọra wọ́ ọ láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, yóò já bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ dáadáa, fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè ní ẹ̀gbẹ́ náà, kí o sì tún un wò. Bí àlàfo náà bá ti fún pọ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn kò ṣí wọ́ọ́rọ́ mọ́, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín, kò sì sí ohun mìíràn tó yẹ kí o náwó lé ṣáájú ìyẹn. Má gbàgbé ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí ó máa ń jẹrà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹrù ìrìn àjò sì ni ibẹ̀ máa gbé.

Wẹ́dà tí yóò bá ọ ṣe é gbọ́dọ̀ jó ọ̀pá irin dábùú ojú ilẹ̀kùn kó tó gé ohunkóhun kúrò, kó sì parí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó fọwọ́ kan èkejì. Bí ó bá gé méjèèjì pọ̀, ara ọkọ̀ lè wọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Má sì gbà kó jó irin tuntun lé orí èyí tó ti dípẹtà. Ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí ni pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n rárá, torí pé wọ́n ṣe ju 500,000 rẹ̀ lọ láàárín ọdún 1962 sí 1980, àti pé láti ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀rin àtijọ́ ṣe odidi ara MGB tuntun.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Coventry

Bàbá ti sọ ojú abẹ níkòó lórí ọ̀rọ̀ ìpẹtà. Ní ti ẹ́ńjìnnì, èmi kò ní yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì 1798 cc yẹn, irin ni láti òkè délẹ̀, ó lágbára, èèyàn sì lè fi ìwọ̀nba sípánà tún un ṣe létí ọ̀nà níbi tí kò ti sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kankan nítòsí. Ẹ tún ro ti òfin: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún ti bọ́ lọ́wọ́ MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ń béèrè fún ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i padà kúrò ní bó ṣe wà jù, àǹfààní náà lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ yọ tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti fi ìjókòó fáàfù líle, ìyẹn òrùka irin líle tí fáàfù ń pa dé lé, sí i. Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù nígbà náà ló ń dáàbò bo fáàfù, wọ́n sì ti dẹ́kun títà á káàkiri níbí láti ìparí ọdún 1999. Ẹni tó bá ń sáré gidi fún wákàtí púpọ̀ láìní ìjókòó líle yìí yóò rí i pé àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ń pa dé díẹ̀díẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì yóò sì máa lọ sílẹ̀. Bákan náà, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni bẹntiróòlù lásán tí à ń rà ti di E10, ọtí tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń jẹ họ́ọ̀sì rọ́bà àtijọ́ títí tí yóò fi sán. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo sí irú èyí tí ọtí kò lè jẹ, láti táńkì dé kábúrétọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì máa ra E5, èyí tí ọtí inú rẹ̀ kéré sí ti E10. Epo tó ń kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sún di ọ̀la.

Overdrive gan-an ni yóò wo ariwo yẹn sàn. Pẹ̀lú jíà kẹrin lásán, ẹ́ńjìnnì yín ń yí nǹkan bíi ìgbà 3,900 ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ bá ń sá 70 máìlì ní wákàtí. Pẹ̀lú overdrive, yóò wálẹ̀ sí bíi 3,200. Etí yín, epo yín àti ẹ́ńjìnnì náà ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ wá àpótí jíà tó ní irú overdrive tí wọ́n ń pè ní LH láti inú MGB mìíràn tó jẹ́ irú ọdún tiyín, nítorí yóò wọ ibi tí ti tẹ́lẹ̀ wà láìgé irin kankan. Ti irú ọdún yẹn ń ṣiṣẹ́ ní jíà kẹta àti ìkẹrin, èyí tó wúlò gan-an lórí òkè.

Arìnrìnàjò, Cardiff

Èmi yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti Coventry. Àpótí jíà márùn-ún láti inú Mazda MX-5 náà ṣeé fi sínú MGB, ó sì rọrùn láti rí ju overdrive tó ṣì gbámúṣé lọ. Ìfẹ́ ọkàn oníkálukú ni o. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni torí pé òfin kò béèrè MOT mọ́, kó má gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ gbé e lọ lọ́dọọdún. Ojú ẹlòmíràn yóò rí ohun tó ti mọ́ tiyín lára.

Bátìrì 6-volt méjì tó wà lẹ́yìn ìjókòó, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ fi 12-volt ẹyọ kan sí ihò kan, ihò kejì yóò sì di ibi ìkó sípánà sí. Ẹ ní kí rìwáyà fi rílè, ìyẹn súwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, sí iná iwájú, kí iná má baà máa gba inú súwíìṣì àtijọ́ kọjá. Fáànù oníná tó ń tan ara rẹ̀ náà ṣe pàtàkì, nítorí inú go-slow ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ń gbóná, kì í ṣe lórí eré. Fún ariwo tó kù, ẹ tẹ́ fóòmù tí kì í fa omi sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti parí iṣẹ́.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Peckham

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí dé ibi tó jinlẹ̀. Ọkọ̀ funfun yẹn, ẹtù ló bá a lọ jù lójú tèmi: búlúù tó dúdú bí ojú ọ̀run òru, pẹ̀lú ìlà funfun tíntìntín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹtù tí wọ́n fi ẹ̀lú gidi pa láró, ẹ mú aṣọ funfun tó tutù, kí ẹ fi ra á dáadáa kí ẹ tó gé e. Bí àwọ̀ bá yọ sí i, òógùn ẹ̀yìn yín yóò gbé aró náà sára ẹ̀wù yín kí ẹ tó dé Inverness. Sányán kò ní ìṣòro yìí, torí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti aró, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ojúlówó rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí.

Ẹ má ṣe bo odidi ìjókòó. Etí ìjókòó, níbi tí itan ti ń fi ara ha wọlé jáde, kò ní jẹ́ kí aṣọ òkè pẹ́. Awọ ni kó wà níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ òkè sí àárín ibi ìfẹ̀yìntì àti sára ilẹ̀kùn nínú. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi òwú gidi hun, tó ki, kì í ṣe èyí tó kún fún òwú dídán, nítorí òwú dídán a máa fà yọ. Ojú aṣọ òkè tóóró ni, rírán ni wọ́n sì ń rán an pọ̀: kí télọ̀ lẹ aṣọ líle mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó rán an mọ́ fóòmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìránṣọ ni yóò kọ́kọ́ ya. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé kí ìlà rẹ̀ dúró gbọọrọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ti ìjókòó méjèèjì sì bára mu, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ẹni tó mọ aṣọ máa kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ́ńjìnnì náà yóò dúró síbẹ̀, owó àkọ́kọ́ yóò sì lọ sí ara ọkọ̀. Ẹtù ni ìyàwó mi náà yàn lójú ẹsẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì. Mo gbọ́ pé òkè Bealach na Bà wà lójú ọ̀nà náà, àti pé ó ga.

Bàbá Mẹkáníìkì, Birmingham

Ó ga tó mítà 626, láti etí òkun sì ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Bíréèkì díìsì ló wà níwájú, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n tó fún ọkọ̀ náà bí wọ́n bá wà ní pípé. Pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì gbogbo, kí o sì fa epo bíréèkì àtijọ́ jáde pátápátá, nítorí ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí o bá tẹ bíréèkì pẹ́ jù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi yẹn yóò hó, ẹsẹ̀ rẹ yóò sì rì dé ilẹ̀ láìsí ohun tó mú ọkọ̀ dúró. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì ni kó máa dì í mú. Má fi overdrive sí i níbẹ̀. Ọ̀nà náà fẹ̀ fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, nítorí náà máa wo ibi ìyà-fún-ọkọ̀ tó wà níwájú kó o tó dé ibẹ̀. Ra epo kún táńkì kó o tó kúrò nílùú ńlá, torí ilé epo jìnnà síra wọn ní apá ibẹ̀.