Ọmọ ọdún 2 tí àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà: níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Abiyamọ_Kejì:
Ẹ kú ilé o. Ọmọkùnrin ọdún 2 àti oṣù 4 ni ẹ̀gbọ́n, ìkókó sì kù bí ọ̀sẹ̀ 9. Bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tó ní ọ̀pá yíká ló ṣì ń sùn sí, ìlẹ̀dí wà nídìí rẹ̀, kò sì gbà kí ẹlòmíì tẹ́ òun sùn àfi ìyá rẹ̀. Kí ló yẹ ká yí padà kí ìkókó tó dé, kí ló yẹ ká fi sílẹ̀? Tó bá sì ń lu ìkókó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "yóò mọ́ ọn lára".

Ìyá_Àgbà_Inú_Ilé:
Ẹ kú ìmúra. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Bó bá jẹ́ pé ìkókó ló máa jogún rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀gbọ́n kúrò níbẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ tú bẹ́ẹ̀dì náà, kẹ́ ẹ gbé e pamọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Ọmọ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí tó rí ẹlòmíì níbẹ̀ lọ́la, lójú tiẹ̀, wọ́n lé e ni. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibòmíì fún ìkókó.

Ìlẹ̀dí ní tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ póò nígbà tí ìkókó dé sábà máa ń padà tọ̀ sára, ẹ ó wá máa fọ ti ọmọ méjì pẹ̀lú ìbínú. Ó di ìgbà tí ìkókó bá tó bí oṣù 3. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíjá a lẹ́nu ìgò.

Ti oorun ló máa gba àkókò jù. Ẹni tó máa wà nílé lálẹ́ tí ìyá bá lọ bímọ, òun ni kó máa tẹ́ ẹ sùn láti ìsinsìnyí. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, kí onítọ̀hún àti ìyá jọ wà nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, ìyá á jáde kí iná tó kú. Lẹ́yìn náà, kò ní wọlé mọ́ rárá. Ẹ má yí ètò rẹ̀ padà o: wíwẹ̀, aṣọ oorun, ìwé kan, iná. Ọwọ́ tó ń ṣe é nìkan ló yí padà. Ó máa ké ní alẹ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ó sàn kó ké nísinsìnyí ju kó ké ní alẹ́ tí ìyá ò sí nílé.

Ẹ má sì ṣèlérí fún un pé àbúrò á bá a ṣeré. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: á máa sùn, á máa ké, á máa mu ọmú.

Agbẹ̀bí_Àdúgbò:
Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ìyá wa kọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kún un.

Kí ẹ̀gbọ́n bá ọwọ́ ìyá lófìfo. Kí ìkókó wà lórí ibùsùn tiẹ̀. Ẹ dì mọ́ra yín dáadáa kẹ́ ẹ tó bi í bóyá ó fẹ́ wò ó. Tó bá ní rárá, rárá náà ni. Tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń pè ní "ti ìkókó" kò burú, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ìdìmọ́ra yẹn.

Ìgbà tí ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìgbà tí ìyá bá ń fún ìkókó lọ́mú. Ọwọ́ ìyá dí, kò lè dìde, ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkókó tuntun lè mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24, ẹ fojú inú wo iye ìgbà tí ẹ̀gbọ́n máa rí i pé wọ́n ti gba ipò òun. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ kan tí kì í jáde àfi ìgbà ọmú. Ẹ kó ohun ìṣeré 3 tàbí 4 sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ fún un lómi, ẹ yí ìlẹ̀dí rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn. Apá tí kò gbé ìkókó, òun ló ni ín: kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Abiyamọ_Kejì:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ńkọ́?

Agbẹ̀bí_Àdúgbò:
Ẹ má gbé ohun tó wúwo ju ìkókó lọ fún bí ọ̀sẹ̀ 6, tàbí títí dókítà yín bá ní ó yá. Ẹ kọ́ ọ láti máa gun àga wá bá yín láti ìsinsìnyí, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí bo ikùn.

Olùkọ́_Jẹ́léósinmi:
Lórí lílù. Ẹ dá ọwọ́ rẹ̀ dúró kó tó balẹ̀. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kó dá wà pẹ̀lú ìkókó, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú 1. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ìwẹ̀, ẹ mú ọ̀kan dání. Gbólóhùn kúkúrú tó: "Mi ò ní jẹ́ kó o lù ú. Tó o bá ń fẹ́ mi, fọwọ́ kàn mí léjìká." Kẹ́ ẹ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ nígbà tó bá fọwọ́ kàn yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa padà sórí èyí tó ń yára ṣiṣẹ́. Ìbínú gígùn àti ìwàásù ló máa ń ba nǹkan jẹ́: ọmọ á ti rí i pé bí òun bá lu ìkókó, kíá nìyá ń yíjú sí òun.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ìfẹ́ ló pọ̀ lápọ̀jù tó di fífún mọ́ra. Ẹ kọ́ ọ láti máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa ìkókó lára, nítorí ẹ̀yìn ọwọ́ kò lè ja èèkánná.

Ibì kan ṣoṣo tí èmi àti ọ̀pọ̀ òbí ò ti fẹnu kò ni "ìwọ ti di ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n kì í sunkún". Ọmọ ọdún 2 náà ṣì ni. Ẹ tún dín "má pariwo, àbúrò ẹ ń sùn" kù, kó má di pé àbúrò ló fa gbogbo "má ṣe". Ẹ máa bá ìkókó náà wí létí rẹ̀: "Dúró ná, ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń dá lóhùn." Ọ̀rọ̀ náà ò yé ìkókó, àmọ́ ẹ máa rí bí ojú ẹ̀gbọ́n ṣe máa tàn.

Bó bá tún ń béèrè ìgò tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ìkókó, ẹ jẹ́ kó ṣe é, ó sábà máa ń sú u láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ló pòórá tí kò padà, tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́, òun àti ìyá nìkan, kó lórúkọ ("àkókò tiwa"), kó má sì jẹ́ ẹ̀san ìwà rere. Kódà lọ́jọ́ tó bá lu ìkókó.

Ìyá_Àgbà_Inú_Ilé:
Ẹ má sì jẹ́ kí oṣù 3 tó tòrò tàn yín jẹ. Owú máa tún gbóná nígbà tí ìkókó bá ń rá, bí oṣù 7 sí 10, tó ń fa ohun ìṣeré ẹ̀gbọ́n. Ẹ ya tábìlì kan tí ìkókó ò lè dé sọ́tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Orí rẹ̀ náà ni gbogbo ohun ìṣeré tó kéré débi pé ó lè wọ inú páálí tó wà láàárín bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa wà, torí èyí tó bá wọ ibẹ̀ lè há ìkókó lọ́fun.