Àmì ohùn ń di àpótí lórí kọ̀ǹpútà iléèwé wa, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí n'Ìbàdàn, ọdún 22 ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ. Wọ́n ti wá ní ká máa tẹ ìbéèrè ìdánwò fúnra wa. Lórí fóònù mi, Gboard tí mo fi ń tẹ̀wé ń gbé àmì jáde dáadáa. Àmọ́ tí mo bá gbé e dé kọ̀ǹpútà iléèwé, "ọ̀" á di àpótí kékeré. Lánàá, ọmọ JSS 2 kan ní, "Mà, ṣé inú àpótí yìí la máa kọ ìdáhùn sí?" Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.

Ṣé fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) ló fà á? Èwo lẹ̀ ń lò tó ń gba àmì lókè àti nísàlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ o, flash ni mo fi ń gbé nǹkan.