Platelet ọmọ mi ò gòkè láti ìgbà tí mo ti bí i, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ayọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́ta. Nígbà tá a kọ ọ́ nílà, ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, platelet ẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ò sì kọjá 40,000 rí. Wọ́n ní ITP ni, ìyẹn àìsàn tí ara fi ń bá platelet ara ẹ̀ jà, ó lo prednisolone, òògùn tó ń dín ìjà yẹn kù, títí ojú ẹ̀ fi wú, iye yẹn ò yí padà. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ yọ ọlọ inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀ le, àfi pé bó bá ṣubú, ojú ibẹ̀ á dúdú. Imú dádì ẹ̀ náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, etí wọn sì ti ń di, wọn ò tíì pé ogójì ọdún. Ṣé kí n gbà?

Àǹtí Bùkọ́lá: Pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ fún un lómi ewé ìbẹ́pẹ. Ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ àbúrò mi nígbà tó ní ibà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Àǹtí, ibà ló fa tìyẹn wálẹ̀. Bí wọ́n bá ti wo ibà sàn, platelet á padà sókè fúnra ẹ̀. Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọmọ yàtọ̀.

Bọ̀dá Lábù: Ìyá Ayọ̀, ẹ má tíì gbà fún iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ etí dádì ẹ̀ yẹn ni mo dì mú. ITP sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì lára ọmọ tí platelet ẹ̀ ti pé tẹ́lẹ̀, láti 150,000 sókè. Ọmọ yín ò ní in tó rí, òògùn ò sì ràn án. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sórí gíláàsì, kí wọ́n fojú ara wọn wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ jíìnì tó ń fà á pè, MYH9, ìdílé ló sábà ti ń wá. Platelet inú ẹ̀ máa ń tóbi débi pé òmíràn tó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀rọ ò sì ní kà á mọ́ platelet. Iye tó wà lórí ìwé á wá kéré sí òótọ́. Ó lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa yẹ ìtọ̀ wò. Kí dádì ẹ̀ náà ṣe tiwọn. Àyẹ̀wò jíìnì ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ìyá Ayọ̀: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé kí n dá prednisolone náà dúró?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Rárá o! Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ó léwu kéèyàn já a lójijì. Bí ara ẹ̀ bá gbóná, paracetamol ni o, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí aspirin. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kó tẹ orí síwájú, kẹ́ ẹ fún ibi tó rọ̀ lára imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n tó yọ eyín ẹ̀ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n lè pèsè tranexamic acid, òògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tàbí àpò platelet tí wọ́n máa fà sí i lára sílẹ̀. Bó bá forí gbá nǹkan gidi, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ayọ̀: Mo ti pe dádì ẹ̀. Wọ́n ní etí bàbá tiwọn náà di, kíndìnrín ló sì pa wọ́n.

Bọ̀dá Lábù: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.