Bàbá mi ló kọ orin náà, orúkọ wọn ò sí lára àwo. Ṣé a lè kọ àyọkà Wikipedia nípa wọn?

Ọmọ Ọ̀gá Akọrin:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá mi ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Orin ni wọ́n ń kọ ṣáá. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé wọn, sol-fa lẹ máa bá níbẹ̀, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá á wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fàmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ohùn orin má baà sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Epo pupa ta sí ojú-ewé kan. Mo mọ ọjọ́ tó ta sí i.

Lọ́dún 1974 wọ́n kọ orin mẹ́rin fún ẹgbẹ́ eléré kan. Àwo jáde, ó tà wàràwàrà. Wọ́n ń lù ú nílé òkú, wọ́n ń lù ú níbi ìgbéyàwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé àwo yẹn sábẹ́ iná, mo ka gbogbo ohun tó wà lára bébà róbótó àárín rẹ̀, iwájú àtẹ̀yìn. Orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ni mo rí.

Bàbá kú ní 2009. Mo fẹ́ kọ nípa wọn sórí Wikipedia Yorùbá. Àbúrò mi ní wọ́n á pa á rẹ́. Ṣé ẹni tó kọ orin tí gbogbo ìlú mọ̀ ò tó ẹni à ń kọ nípa rẹ̀ ni?

Olóòtú Òru:

Ẹ kú ìrántí bàbá. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń tún àyọkà ṣe níbẹ̀, mo sì ti wà lára àwọn tó ní kí wọ́n pa irú rẹ̀ rẹ́. Kì í rọrùn fún mi.

A kì í béèrè bóyá orin dùn. Ohun tí a ń béèrè ni pé, ta ló ti kọ̀wé nípa ẹni náà, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹni tó ń bá a ta àwo? Ká rí bíi méjì tàbí mẹ́ta tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kúnnákúnná, kì í ṣe èyí tó kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tó ń kọ orin: kí orin náà fúnra rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ti kọ̀wé nípa rẹ̀, kí ó sì wà lákọsílẹ̀ pé òun ló kọ ọ́. Ibi tí ti bàbá yín ti há nìyẹn. Èmi gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kà á ní Kútọnu tàbí ní Bàhíà, kí ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ wo Lillian Jean Williams tó kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè wa tí a lò láti 1960 sí 1978, tí ìjọba tún dá padà ní 2024. Gbogbo wa la mọ orin yẹn, àmọ́ ohun tí ìwé sọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ò kún ọwọ́. Bó bá rí báyìí, inú àyọkà orin náà la máa ń fi ẹni tó kọ ọ́ sí. Ti J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, yàtọ̀: ó kú ní 1930, ṣùgbọ́n ó ti kọrin sínú àwo ilé-iṣẹ́ Zonophone tó ń ṣe àwo orin, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti kọ̀wé lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ọmọ wọn ni yín.

Ìyá Alto:

Olóòtú, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Láyé ìgbà yẹn, ta ni àwọn oníwèé ìròyìn ń lọ bá? Olórí ẹgbẹ́ ni! Ẹni tó jókòó sílé tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, ta ló ya fọ́tò rẹ̀? Ekundayo Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, òun fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ẹni tí kò ráyè tẹ̀wé ńkọ́? Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àwo, ẹ̀yin náà tún fẹ́ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Olóòtú Òru:

Mà, mi ò lè bá yín jiyàn, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra. Àmọ́ a kì í kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ níbòmíràn síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní yunifásítì Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń wá ohun tí wọ́n máa ṣèwádìí lé lórí. Ẹ mú ìwé náà lọ bá wọn. Ẹ pe ìwé ìròyìn Aláròyé. Ẹ wá ẹnikẹ́ni tó ṣì wà láyé nínú ẹgbẹ́ eléré yẹn, kí oníròyìn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí bàbá ò bá ta orin náà fún ẹnì kan, ẹ̀yin ọmọ lẹ ni ín títí 2079 yóò fi parí, torí náà ẹ lè gbé fọ́tò ìwé náà sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ti ń mú àwòrán.

Ọmọ Ọ̀gá Akọrin:

Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Alto, ẹkún ni mo fi ka ọ̀rọ̀ yín.

Onígángan ẹgbẹ́ náà ṣì wà, Ìbàdàn ló ń gbé. Mo ti pè é, ó ní kí n máa bọ̀ ní Sátidé. Mo tún padà ṣí ìwé náà láàárọ̀ yìí. Lókè orin kìíní, bàbá fi bírò pupa yẹn kọ ọ́ pé: 3 Oṣù Kẹta 1974. Àwo ò tíì jáde nígbà yẹn. Òun ni mo máa kọ́kọ́ ya ní fọ́tò.